Kẹ́ẹ̀gì, agolo, ìgò, rọ́bà kọ́sítádì: èwo lẹ máa tọ́jú, kí lẹ sì máa fi ṣe?

Lẹ́yìn ilé wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, lábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan tó bá ti tán nínú ẹ̀ máa ń lọ. Kẹ́ẹ̀gì òróró, agolo mílíìkì, rọ́bà kọ́sítádì, ìgò oríṣiríṣi, àpò ìrẹsì, àti ọ̀rá píọ́wọ́tà tí mo ti fọ̀ tí mo kó jọ sínú àpò kan. Èmi ò kí ń lè ju nǹkan nù, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, màámi náà ò kí ń jù ú nù, ìyá tó sì bí màámi, tí igbá wọn bá sán létí wọ́n á wá ẹni tó máa bá wọn gán an padà ni. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé ọ̀tọ̀ ni ká kó nǹkan jọ, ọ̀tọ̀ ni ká mọ èyí tó yẹ fún iṣẹ́ tá a fẹ́ fi ṣe. Akèrègbè ló ń júwe ibi tí wọ́n máa ti so okùn mọ́ òun lọ́rùn, ike àti agolo náà ń júwe tiwọn, àwa ni kì í fara balẹ̀ wò ó.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ eléyìí, kí n fi wọ́n wéra lójú yín, èyí tó dáa fún omi, èyí tó dáa fún oúnjẹ, èyí tó jẹ́ pé ata àti ẹ̀fọ́ ló yẹ ẹ́, àti èyí tó yẹ kó kúrò nínú ilé yín lónìí lónìí.

Kí ló kọ́kọ́ gbé?

Ibi tí mo ti kọ́gbọ́n nìyí. Ẹ̀ẹ̀rùn kan tí omi wọ́n gan-an, tí gbogbo àdúgbò ń sáré kiri, mo lọ ra kẹ́ẹ̀gì àlòkù 25 lítà méjì. Ẹni tó tà á fún mi ní òróró ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé òun ti fọ̀ ọ́, ojú ẹ̀ sì mọ́ lóòótọ́. Èmi náà tún fi ọṣẹ àti yanrìn fọ̀ ọ́ nígbà tí mo délé, mo pọn omi kún un, mo gbé e sí kọ̀rọ̀ kíṣìnì. Ọjọ́ kejì tí mo ṣí ọmọrí ọ̀kan báyìí, òórùn kan kọ lù mí nímú, kò jọ òróró, kò jọ kẹrosíìnì. Mo gbé e lọ bá Alhaja tí wọ́n wà nílé kejì sí wa, àwọn ti ń dáko láti ọjọ́ tó pẹ́, wọ́n mọ gbogbo oògùn oko. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ta ló ti mu nínú ẹ̀?"

"Ẹnì kankan ò tíì mu ún, mà."

"Ọlọ́run ṣeun. Oògùn apakoríko ni kiní yìí gbé rí. Má fún ewúrẹ́ o, má fi fọ abọ́, má sì dà á sítòsí kànga. Ọmọ mi, gbé ìkejì ẹ̀ wá."

Wọ́n fi àdá dá kẹ́ẹ̀gì méjèèjì lu ní ìdí àti ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹlòmíì má bàa rí i he kó tún lọ fi pọn omi. Omi tó wà nínú ẹ̀, ẹ̀bá oko wọn tí wọ́n kúkú máa ń fín oògùn sí ni wọ́n ní ká lọ dà á sí. Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, torí àwọn ọmọ mi a máa dìde lóru lọ bu omi mu nínú òkùnkùn, tí wọn ò ní gbọ́ òórùn kankan nínú oorun lójú wọn.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ike máa ń fa nǹkan sínú ara. Ọṣẹ ń fọ ojú ẹ̀, kò lè fọ èyí tó ti wọ inú ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì máa padà ń tú sínú omi tàbí òróró tẹ́ ẹ bá dà sí i. Ìdí nìyẹn tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, àti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi sọ ọ́ pé àgbá tàbí ìgò oògùn oko, tó bá ti tán, kẹ́ ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ da omi tẹ́ ẹ fi ṣàn án sínú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń fín oògùn, kẹ́ ẹ wá dá a lu, kó má tún gbé omi tàbí oúnjẹ mọ́ láéláé. Paraquat, oògùn apakoríko tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ dáadáa, láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2024 ni ìfòfindè NAFDAC ti múlẹ̀ lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì ẹ̀ ò bá òfin lọ, ó ṣì wà nílé àti lóko àwọn èèyàn.

Látìgbà yẹn, kí n tó tọ́jú nǹkan kan, mo máa ń bi ara mi: kí ló gbé kó tó dọ́wọ́ mi? Ṣé nǹkan gbígbóná, nǹkan olóròóró tàbí nǹkan kíkan máa wọ inú ẹ̀? Ṣé inú oòrùn ló máa wà? Tí mi ò bá mọ ìdáhùn ti àkọ́kọ́, kò lè wọ kíṣìnì mi, kódà kí wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Nọ́ńbà tó wà nídìí ike

Ẹ yí ike dà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní àmì onígun mẹ́ta pẹ̀lú nọ́ńbà láàárín. Ọdún 1988 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà kí àwọn tó ń ṣa ike lè mọ èyí tó bára mu, àmọ́ ó wúlò fún àwa tá a wà nínú ilé náà. Nọ́ńbà 1 ni ìgò omi àti ìgò mínírà, ooru bíi 75 dígírì ti ń rọ̀ ọ́, ẹni tó bá ti da sóbò gbígbóná sí i rí á ti rí bó ṣe ń sún kì tí ọrùn ẹ̀ á wọ́. Nọ́ńbà 2 ni kẹ́ẹ̀gì òróró, ó le, ó lágbára. Nọ́ńbà 4 ni ọ̀pọ̀ ọ̀rá. Nọ́ńbà 5 ni ọ̀pọ̀ rọ́bà kọ́sítádì, rọ́bà bọ́tà àti ti áìsì kírìmù, òun ló fara da ooru jù nínú gbogbo wọn torí ó máa tó nǹkan bíi 160 dígírì kó tó yọ́. Nọ́ńbà 6 ni pákì funfun fúlẹ́fúlẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ fúnni lóde àríyá, ìyẹn, ẹ jẹ oúnjẹ inú ẹ̀ tán kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa lọ, òróró gbígbóná ń bà á jẹ́, kò sì ṣeé fọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé o, irú ike tó jẹ́ ni nọ́ńbà ń sọ, kò sọ ohun tó gbé rí. Kẹ́ẹ̀gì òróró àti kẹ́ẹ̀gì oògùn oko lè jẹ́ nọ́ńbà 2 méjèèjì.

Omi: kẹ́ẹ̀gì àbí rọ́bà pẹ́ńtì?

Tó bá jẹ́ omi mímu, kẹ́ẹ̀gì ni mo máa mú, tí mo bá ṣáà ti dá a lójú pé òróró tàbí omi ló gbé. Ẹnu ẹ̀ kéré, ọwọ́ ọmọ ò lè wọ̀ ọ́, ife tó ti bọ́ sílẹ̀ ò lè wọ̀ ọ́, ńṣe lẹ máa dà á jáde, ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí tí à ń kó sínú omi ilé, ọwọ́ àti ife ló ń gbé e wọlé. Rọ́bà pẹ́ńtì ẹnu ẹ̀ gbòòrò, ó rọrùn láti fọ̀ dénú, àmọ́ gbogbo ilé ló máa ń ki ife bọ̀ ọ́. Yàtọ̀ síyẹn pẹ́ńtì ló gbé, ó ní oògùn nínú tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, mi ò fẹ́ ìyẹn nínú omi tí mò ń mu. Ẹ máa sọ pé wọ́n kúkú ń fi rọ́bà pẹ́ńtì wọn gààrí lọ́jà, òótọ́ ni, ìdí tí mo fi máa ń bi ẹni tí mo bá fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn pé ṣé tuntun tí wọn ò da pẹ́ńtì sí rí ni wọ́n fi ń wọn tiwọn, àwọn kan tuntun ni lóòótọ́. Rọ́bà pẹ́ńtì dáa fún omi ìfọṣọ, omi ilé ìyàgbẹ́, omi tẹ́ ẹ fẹ́ bù rin ewébẹ̀.

Wàhálà kẹ́ẹ̀gì ni pé ọwọ́ ò dé inú ẹ̀ láti fọ̀ ọ́. Mo máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ọṣẹ sínú ẹ̀, kí n bo ọmọrí ẹ̀ kí n mì ín títí, ìlú nìyẹn o, gbogbo ilé á gbọ́ ọ. Tó bá ní nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ nínú, ìmọ́lẹ̀ ló fà á, ara kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ òféfèé ń gba ìmọ́lẹ̀ kọjá, ẹ gbé e síbi òkùnkùn á dín kù. Nǹkan míì ni wíwúwo: kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tó kún, kílò 25 ni omi inú ẹ̀ nìkan, ẹ má gbé e lé ọmọ ọdún mẹ́wàá lórí. Kẹ́ẹ̀gì 10 lítà ni tàwọn ọmọ, ká tiẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgò omi náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ nípa omi, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Tí ẹ ò bá ní gáàsì tàbí èédú láti se omi, oòrùn lè pa kòkòrò inú omi fún yín. Ìgò nọ́ńbà 1 tí kò ní àwọ̀, tí kò ju lítà méjì lọ, tí ara ẹ̀ ò tíì fá yánnayànna, ẹ pọn omi tó mọ́ sí i, ẹ dè é, ẹ fi í lélẹ̀ lórí páànù nínú oòrùn gangan fún wákàtí mẹ́fà. Tí ojú ọ̀run bá ṣú bíi ti oṣù keje àti ikẹjọ, ọjọ́ méjì léraléra. Àmọ́ omi náà gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀: ẹ gbé ìgò náà dúró lórí ìwé ìròyìn, ẹ wo ìsàlẹ̀ láti ẹnu ìgò, tí ẹ ò bá lè ka àkọlé gàdàgbà tó wà nísàlẹ̀, omi yẹn dọ̀tí jù, ẹ sẹ́ ẹ ná. Oòrùn ò lè yọ kẹ́míkà kúrò nínú omi o, kòkòrò ló ń pa.

Inú kíṣìnì: rọ́bà kọ́sítádì àbí ìgò gíláàsì?

Àríyànjiyàn tó wà láàárín èmi àti màámi nìyí. Àwọn ìgò ni wọ́n ń bá ṣe, èmi rọ́bà kọ́sítádì. Ká sọ tòótọ́, màámi ló jàre lórí nǹkan tó pọ̀ jù. Ìgò kì í gba òórùn, kì í gba àwọ̀, ìgò tó gbé mayonnaise tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ lè da oyin sí i, ẹ lè da àdí sí i, ẹ lè kó ẹ̀pà yíyan sí i bí àwọn oníṣòwò ẹ̀pà ṣe ń ṣe, kò ní rántí ohun tó gbé rí. Ṣùgbọ́n rọ́bà kọ́sítádì tó bá ti gbé ata díndín lẹ́ẹ̀kan, pupa ni títí ayé, tẹ́ ẹ bá wá kó ṣúgà sí i, ṣúgà náà á rùn bí ata. Mo máa ń fi báírò kọ ọ́ sára tèmi: "ata", "iyọ̀ àti irú", "ìyẹ̀fun". Èyí tó bá ti wọ ẹgbẹ́ ata kì í kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ibi tí rọ́bà kọ́sítádì ti borí ni ilé tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà, torí kì í fọ́. Ó fúyẹ́, ó ṣeé tò lérí ara wọn, ọmọrí ẹ̀ ń dè dáadáa, ẹlúbọ́ àti gààrí á gbẹ nínú ẹ̀ títí ọyẹ́ á fi lọ tí òjò á tún fi dé. Ìgò, ẹ ò gbọ́dọ̀ da nǹkan gbígbóná sí i lójijì, pàápàá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú fíríìjì, á sán ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi omi gbígbóná pa kòkòrò ara ẹ̀, inú omi tútù ni kẹ́ ẹ ti kó o sínú ìkòkò, kí òun àti omi jọ gbóná pọ̀, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo sì fẹ́ bẹ̀ yín lórí nǹkan kan: ata díndín tẹ́ ẹ dà sínú ìgò tẹ́ ẹ da òróró bò lórí, kó wà nínú fíríìjì. Òróró tó bò ó ò ní kó má bàjẹ́, kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé gan-an ló ti ń ṣọṣẹ́, oró ẹ̀ sì lè pani láìsí òórùn kankan tó máa kìlọ̀.

Orí ìgò omi tẹ́ ẹ bá gé kúrò, ẹ má jù ú nù, àrọ lẹ ti rí yẹn, òun ni mo fi ń rọ òróró.

Móínmóín: ewé, agolo, tàbí ọ̀rá?

Ẹnu àwọn èèyàn ò kò lórí eléyìí, mo mọ̀. Ewé lèmi máa ń yàn, ewé eéran tó tutù yọ̀yọ̀, adùn tó ń fi sí móínmóín kò sí nínú agolo. Àmọ́ ewé ń wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pípọ́n ẹ̀ ń gba ọgbọ́n, ẹni tó bá ní èrò ilé púpọ̀ tí kò sì ní ẹni tó máa bá a pọ́n ọn, agolo ló máa sá bá.

Agolo mílíìkì lè ṣe é, tí kò bá ní ìpẹtà rárá. Ẹ wo inú ẹ̀ níbi tí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ ti pàdé, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, bí orí abẹ́rẹ́ pupa ló máa kọ́kọ́ rí. Nǹkan kan wà tí wọ́n fi kun inú agolo kí oúnjẹ má bàa kan irin, tẹ́ ẹ bá ń fi kóńkàn irin ha á, ẹ ń ha nǹkan yẹn kúrò ni, torí ẹ̀ ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fi òróró pa inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó da ẹ̀wà lílọ̀ sí i. Ẹ tẹ etí ẹ̀ wọlé pẹ̀lú kí ó má gé yín lọ́wọ́. Agolo tòmátì kì í wọ iṣẹ́ yìí ní tèmi, kíkan inú tòmátì ti bá irin ẹ̀ jà kó tó dé ọwọ́ yín. Ìdí kan náà ló fi yẹ kẹ́ ẹ da tòmátì tó bá ṣẹ́ kù sínú ìgò tàbí abọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e sí fíríìjì, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú agolo tẹ́ ẹ ti ṣí.

Ọ̀rá ńkọ́? Mi ò fọwọ́ sí i. Omi tó ń hó jẹ́ 100 dígírì, ọ̀rá lásán máa yọ́ ní nǹkan bíi 110, ó sì ti máa rọ̀ kó tó débẹ̀, ìdí ìkòkò tó kan iná gan-an lè gbóná ju omi lọ, ìyẹn ni ẹ ṣe máa ń rí ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Tí ewé ò bá sí tí agolo ò dáa, rọ́bà kékeré nọ́ńbà 5 tó ní ọmọrí sàn jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ̀wà ọdún: kẹ́ẹ̀gì àbí àpò?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ó gbà mí lọ́wọ́ kòkòrò. Tẹ́lẹ̀, àpò ni mò ń kó ẹ̀wà sí, tó bá fi máa di oṣù kẹta kòkòrò á ti dá a lu, ìyẹ̀fun ló máa kù nísàlẹ̀. Àwọn kan ń ta oògùn ẹ̀fọn sí ẹ̀wà torí kòkòrò, NAFDAC ti ń pariwo lórí ẹ̀, májèlé ni, ẹ má ṣe é, ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe é.

Kòkòrò náà ń mí bíi tiwa. Tẹ́ ẹ bá tì í mọ́bi tí afẹ́fẹ́ ò ti lè wọlé, yóò mí èyí tó kù níbẹ̀ tán, á dẹ́kun jíjẹ, á kú. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló ṣiṣẹ́ lé èyí lórí ní Cameroon ní ìparí àwọn ọdún 1980, òun ló bí àpò PICS, tí wọ́n máa ń fi ọ̀rá nínípọn méjì sínú àpò kan. Ẹni tó bá ní ẹ̀wà àpò mẹ́ta mẹ́rin, kó ra àpò yẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀wà yín bá jẹ́ kóńgò mélòó kan bíi tèmi, kẹ́ẹ̀gì omi àti ìgò omi ńlá máa ṣe é láìná kọ́bọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń sá ẹ̀wà náà dáadáa, ọjọ́ méjì nínú oòrùn, tí mo bá fi eyín gé e kó dún kọ̀ọ́. Mo máa ń fọ kẹ́ẹ̀gì, kí n sì dà á dojú kọlẹ̀ títí inú ẹ̀ á fi gbẹ, ẹ̀kán omi kan péré tó bá kù níbẹ̀, ẹ̀wà máa hu olú. Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu, kẹ́ ẹ máa gbọ̀n ọ́n kó wọlé kẹ́ ẹ tún máa rọ sí i, torí àyè tó bá ṣófo lókè, afẹ́fẹ́ ni. Mo máa ń tẹ́ ọ̀rá kékeré sábẹ́ ọmọrí kí n tó dè é. Lẹ́yìn náà ẹ má ṣí i fún bí oṣù méjì, ẹ má ní ẹ fẹ́ yọjú wò ó.

Láàárín kẹ́ẹ̀gì ńlá àti ìgò kékeré, àwọn kékeré ni mo wá fara mọ́. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá bu ìwọ̀n kan, ẹ ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ gbogbo tó kù. Ìgò 5 lítà, ẹ̀kan lẹ ṣí, ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ ṣí òmíì. Kẹ́ẹ̀gì òróró, ẹ má lò ó fún èyí bí ẹ ò bá lè fọ òróró inú ẹ̀ kúrò pátápátá, á mú ẹ̀wà rùn bí òróró àná.

Ọ̀gbìn: gbogbo wọn ló ń rí iṣẹ́ ṣe níbí

Rọ́bà pẹ́ńtì 20 lítà ló dáa jù fún ata rodo, tòmátì àti ìgbá, ó jìn, gbòǹgbò á rí àyè wọlẹ̀, igi kan sí rọ́bà kan, ẹ má ṣojú kòkòrò kẹ́ ẹ gbìn mẹ́ta sínú ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣí pẹ́ńtì tó ti gbẹ mọ́ ọn lára kúrò. Kẹ́ẹ̀gì, tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ ẹ̀ tẹ́ ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kan bíi fèrèsé, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú máa ṣe dáadáa nínú ẹ̀, àwọn yẹn ò nílò jíjìn. Ọ̀bẹ tẹ́ ẹ ti fi iná yan ló máa ń gé e wẹ́rẹ́, ìṣó gbígbóná lẹ máa fi lu ihò sísàlẹ̀ ẹ̀, ó kéré tán mẹ́fà méje, torí omi tó bá dúró sábẹ́ á mú gbòǹgbò rà.

Àpò ìrẹsì gba ilẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, ó ń mí, èèyàn lè gbin iṣu sínú ẹ̀. Àléébù ẹ̀ ni oòrùn, oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ò ní jẹ́ kó ju bí ọdún kan lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́, fọ́nrán ẹ̀ á pò mọ́ ilẹ̀, ṣíṣà á jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji díẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀ kó tó gbó. Agolo kéré jù, irin ẹ̀ a máa gbóná débi tó máa se gbòǹgbò, ibi tẹ́ ẹ ti ń tọ́ irúgbìn kékeré dàgbà nìkan ló ti wúlò.

Ọ̀rá píọ́wọ́tà ló dáa jù fún nọ́sìrì. Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú kaṣú ni, ìlú máńgòrò ni, ẹ gé orí ọ̀rá náà, ẹ dá ihò mẹ́rin sí ìdí ẹ̀, ẹ kó ilẹ̀ dúdú sí i. Kóró kaṣú tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn, ẹ kọ́kọ́ kó o sómi, èyí tó bá rì ni kẹ́ ẹ gbìn, èyí tó bá léfòó kẹ́ ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sóko, ẹ ya ọ̀rá náà kúrò lára ẹ̀, ẹ sì kó ọ̀rá padà wálé, mo ti rí àwọn tó rì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú igi, gbòǹgbò á kàn máa yípo lójú kan ni.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgò lítà kan ààbọ̀ tẹ́ ẹ gé ìdí ẹ̀, tẹ́ ẹ lu ihò abẹ́rẹ́ méjì sí ọmọrí ẹ̀, ẹ dojú ẹ̀ dé sínú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata, ẹ pọn omi sí i, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń kán sí gbòǹgbò. Ata tèmi ò rọ mọ́ látìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, omi tí mò ń dà sí i ò sì tó ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní adìyẹ, rọ́bà kọ́sítádì ni ìmumi tó rọrùn jù. Ẹ lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nítòsí ẹnu, ẹ pọn omi kún un, ẹ fi àwo pẹrẹsẹ bo ẹnu ẹ̀, ẹ di méjèèjì mú kẹ́ ẹ yí i dà lẹ́ẹ̀kan. Omi á jáde sínú àwo, á dúró fúnra ẹ̀ nígbà tó bá bo ihò náà. Ihò yẹn gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju etí àwo lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á kún, á ṣàn sílẹ̀ tán, èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, òwúrọ̀ ni mo bá wọn tí òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Agolo sàdíìnì, ẹ fún àwọn ọmọ kí wọ́n fi ṣe mọ́tò, kẹ́ ẹ kàn bá wọn tẹ etí ẹ̀. Sílípáàsì tó ti já ni wọ́n á gé ṣe táyà.

Èyí tí kò yẹ kó sùn nínú ilé yín

Kẹ́ẹ̀gì àti ìgò oògùn oko, ìgò oògùn ẹ̀fọn, ìgò ásíìdì bátìrì, agolo tínà, gálọ́ọ̀nù tó gbé ẹ́ńjìnì ọ́ìlì. Kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì tàbí epo bẹntiróòlù, kó máa gbé epo lọ, ẹ fi kùn kọ ọ́ sí i lára, ẹ má fi pọn omi kódà tí omi bá wọ́n. Ẹ má sì rọ kẹrosíìnì sínú ìgò mínírà láé, ọmọdé ò mọ̀wé, àwọ̀ ìgò ló mọ̀.

Àti àwọn tó dáa gan-an, tẹ́ ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ níta ní ṣíṣí, òjò á rọ̀ sí wọn. Ẹyin ẹ̀fọn tó bá bọ́ sínú agolo kan máa di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, torí ẹ̀ gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń dojú gbogbo wọn délẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Ẹ má sun ike o, èéfín ẹ̀ burú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ni láyà, àwọn aládùúgbò yín náà ló sì máa fà á símú.

Mo ti fi ìwọ̀n sí tèmi báyìí: kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, rọ́bà kọ́sítádì mẹ́wàá, ìgò méjìlá, ọ̀rá tó kún àpò kan. Tí tuntun bá wọlé, ọ̀kan nínú ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ jáde. Èyí tó bá jáde, mo máa ń fọ̀ ọ́ kí n tò ó sí ẹnu ọ̀nà, irin lọ́tọ̀, ike lọ́tọ̀, àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù, àwọn tó ń kó irin àti ike àlòkù, máa ń kọjá ládùúgbò wa láàárọ̀.